Síkì Ìdíje àti Síkì Orí Àtẹ: Ohun Tó Yà Wọ́n Sọ́tọ̀ àti Bí A Ṣe Lè Yan Èyí Tó Bá Wa Mu

Ẹni tó bá ń wo ìdíje síkì, ìyẹn eré tí a ń fi pátákó gígùn méjì tí a dè mọ́ ẹsẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín, lórí tẹlifíṣàn, tó sì wọ ilé ìtajà láti ra ohun èlò eré náà, yóò rí àwọn orúkọ ilé iṣẹ́ kan náà níbẹ̀: Atomic, Head, Rossignol, Fischer, Salomon. Àwọ̀ wọn jọra, àmì ara wọn náà sì jọra. Síbẹ̀, ohun tí àwọn eléré ìdíje dé mọ́ ẹsẹ̀ àti ohun tí a tò sórí àtẹ kì í sábà jẹ́ ọ̀kan, nítorí ọ̀dà ara wọn nìkan ni wọ́n fi bára wọn tan. Mo kọ ìfiwéra yìí fún ẹni tó ti mọ eré náà níwọ̀nba, tó fẹ́ ra ohun èlò, tó sì ń rò ó bóyá kí òun sún mọ́ ti àwọn eléré ìdíje tàbí kí òun jìnnà sí i. Èrò tèmi ni pé bàtà tó mọ́ ẹsẹ̀, etí irin abẹ́ síkì tí a ń pọ́n déédéé, àti àṣíborí gidi ló yẹ kí onísíkì yá lọ́wọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú ìyókù ni wọ́n ṣe fún eré tí ẹni tó ń ra síkì kì í sá, lórí ilẹ̀ tí kì í sábà tẹ̀.

Ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀

Kí a tó sọ̀rọ̀ nípa ohun èlò rárá, ó yẹ kí a mọ̀ pé yìnyín ojú ọ̀nà ìdíje kì í ṣe yìnyín tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Àwọn tó ń tún ọ̀nà náà ṣe sábà máa ń fi omi sínú rẹ̀, kí ó lè dì gbagidi láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ojú ọ̀nà má baà ti hú kí ó tó kan ẹni ọgbọ̀n. Ohun tí wọ́n ń sáré lé lórí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ omi dídì pátápátá, eré wọn náà sì pọ̀ kọjá àfẹnusọ: ní Wengen, ní orílẹ̀-èdè Switzerland, lọ́dún 2013, eré Johan Clarey, ọmọ ilẹ̀ Faransé, dé kìlómítà 161.9 ní wákàtí kan nínú ìdíje downhill, èyí tí eré rẹ̀ pọ̀ jù nínú gbogbo ìdíje síkì orí òkè. Ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn ń lò yàtọ̀ gan-an. Ẹ̀rọ ti tẹ́ ẹ ní òru, ó le díẹ̀ ní òwúrọ̀, ó ti di òkìtì rírọ̀ kó tó di ọ̀sán, ọmọdé àti àgbà sì ń sọdá níwájú ara wọn lórí rẹ̀. Ohun èlò tó dára fún èkíní lè ṣòro fún ènìyàn gan-an lórí èkejì.

Gígùn síkì àti bí ó ṣe ń yí

Ibí ni ìyàtọ̀ ti jinlẹ̀ jù. Ẹ̀gbẹ́ síkì kì í tọ́. Ó tẹ̀ wọnú níbi àárín. Bí a bá fa ìtẹ̀wọnú yẹn gùn títí tí yóò fi di òbíríkítí odindi, ìwọ̀n láti àárín òbíríkítí náà dé etí rẹ̀ ni rédíọ́ọ̀sì síkì, ilé iṣẹ́ sì máa ń kọ ọ́ sára síkì ní mítà. Síkì tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ kéré máa ń yí kíákíá; èyí tí tirẹ̀ tóbi máa ń fẹ́ lọ tààrà.

Àjọ tó ń ṣàkóso eré síkì lágbàáyé, FIS, ló ń pinnu ìwọ̀n tí síkì ìdíje kò gbọdọ̀ dín sí. Fún giant slalom, ìdíje tí wọ́n ti ń yí gba àárín àwọn ẹnubodè, ìyẹn òpó tí wọ́n rì sílẹ̀ tó jìnnà síra, síkì ọkùnrin kò gbọdọ̀ kúrú ju sẹ̀ǹtímítà 193 lọ, ti obìnrin kò sì gbọdọ̀ kúrú ju 188 lọ, rédíọ́ọ̀sì àwọn méjèèjì kò sì gbọdọ̀ dín sí mítà 30. Fún downhill, gígùn ti ọkùnrin jẹ́ 218, ti obìnrin jẹ́ 210, rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ sì jẹ́ mítà 50 ó kéré tán. Slalom, tí ìyípo rẹ̀ kúrú jù, nìkan ló yàtọ̀: 165 fún ọkùnrin àti 155 fún obìnrin, kò sì sí òfin rédíọ́ọ̀sì lórí rẹ̀, nítorí àwọn ẹnubodè rẹ̀ sún mọ́ra. Lórí àtẹ ẹ̀wẹ̀, síkì tí wọ́n pè ní ti giant slalom sábà máa ń wà láàárín 170 sí 185 ní gígùn, pẹ̀lú rédíọ́ọ̀sì mítà 15 sí 19. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ṣùgbọ́n rédíọ́ọ̀sì ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti èkejì.

Kí ni èyí túmọ̀ sí lábẹ́ ẹsẹ̀? Síkì tó bá dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ kò ní yí. Ìgbà tí a bá gbé e lé etí rẹ̀ ló tó ń gé òbíríkítí, bí a bá sì ṣe ń gbé e dìde sí i, bẹ́ẹ̀ ni òbíríkítí náà yóò máa kéré sí i. Síkì mítà 30 yóò gé òbíríkítí mítà 26 bí a bá gbé e lé etí ní dígírì 30, yóò sì gé ti mítà 15 bí a bá gbé e dé dígírì 60. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fara tì sí ẹ̀gbẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láìní eré tí yóò gbà á dúró. Yóò kàn ṣubú sínú ìyípo náà ni. Bí a bá fi ìgùn òkè sílẹ̀ nínú ìṣirò, ẹni tó fẹ́ fara tì ní dígírì 30 lórí síkì mítà 30 gbọ́dọ̀ máa sáré tó nǹkan bíi kìlómítà 44 ní wákàtí kan, nígbà tí ẹni tó wà lórí síkì mítà 13 yóò ṣe ohun kan náà ní kìlómítà 29. Bí ó bá fẹ́ dé dígírì 60 lórí síkì mítà 30, yóò nílò nǹkan bíi kìlómítà 57, àti ẹsẹ̀ tó lè gbé nǹkan bí ìlọ́po méjì ìwúwo ara rẹ̀ nínú gbogbo ìyípo. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ra síkì ìdíje fi ń fi ipá wọ́ ọ yọ̀ lórí yìnyín láti ìyípo kan dé òmíràn, tí wọn kì í sì í rí i kí ó gé ọ̀nà mímọ́ kan ṣoṣo.

Àwọn eléré gan-an kì í fi ìgbà gbogbo fẹ́ síkì gígùn yìí. Nígbà tí FIS gbé rédíọ́ọ̀sì giant slalom ọkùnrin kúrò ní mítà 27 sí 35 fún sáà 2012 sí 2013, nítorí ìpalára orúnkún, Ted Ligety ti Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó pariwo jù lọ pé kò bójú mu. Sáà yẹn kan náà ló gba wúrà mẹ́ta níbi ìdíje àgbáyé tó wáyé ní Schladming ní Austria. Wọ́n ti dá a padà sí 30 lẹ́yìn náà. Ìtàn kan sì wà tó kọjú sí ọ̀nà mìíràn: lọ́dún 1996, nígbà tí Bode Miller, eléré síkì ọmọ Amẹ́ríkà, ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, síkì orí àtẹ tí ń jẹ́ K2 Four, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ wọnú ju ti síkì ìdíje ìgbà náà lọ, ló gbé lọ sí ìdíje àwọn ọ̀dọ́ ní Amẹ́ríkà, ó sì fi borí. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń ṣe síkì ìdíje fi gba ọ̀nà yẹn. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀dọ̀ eléré ìdíje nìkan ni ọgbọ́n ti ń wá sí orí àtẹ.

Ohun tó wà nínú síkì

Síkì ìdíje jẹ́ igi tó wà láàárín, pẹ̀lú àwo Titanal, ìyẹn alumíníọ́ọ̀mù líle kan, lókè àti nísàlẹ̀ igi náà, àti ẹ̀gbẹ́ tó dúró ṣánṣán láti orí dé etí irin. Irin yìí ń pa ìgbọ̀nrìrì mọ́lẹ̀ nígbà tí síkì bá ń kọlu omi dídì, kí etí má baà máa fò. Àárín síkì gbé sókè díẹ̀ kúrò nílẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń kan yìnyín, gbogbo gígùn etí rẹ̀ ni yóò sì di ilẹ̀ mú ní kété tí a bá gbé ìwúwo lé e.

Ti orí àtẹ pọ̀ ní oríṣi. Àwọn tó ga jù nínú wọn ní igi àti irin bíi ti ìdíje, ṣùgbọ́n àwo wọn sábà máa ń tín-ín-rín jù. Àwọn ti alábẹ̀rẹ̀ lè jẹ́ fóòmù tàbí igi rírọ̀ nínú, láìsí irin rárá. Iwájú ọ̀pọ̀ wọn tún gbé sókè kúrò nílẹ̀ díẹ̀, kí ó lè rọrùn láti wọ ìyípo. Fún ẹni tí kò wúwo púpọ̀ tàbí tí kì í sáré, síkì aláìnírin kì í ṣe àléébù. Líle tí kò lè tẹ̀ kò wúlò fún un. Àárín síkì ìdíje kì í ju mílímítà 65 tàbí díẹ̀ sí i lọ ní fífẹ̀, nígbà tí èyí tí a ṣe fún ibi gbogbo lórí òkè máa ń wà láàárín 75 sí 95. Tóóró ń tètè yí láti etí kan sí èkejì lórí ilẹ̀ líle. Fífẹ̀ ni kì í jẹ́ kí a rì sínú yìnyín jíjìn. Bí òjò yìnyín tuntun bá ń wọ́pọ̀ níbi tí ènìyàn ti ń ṣeré, síkì ìdíje kò ní àǹfààní kankan fún un níbẹ̀.

Bàtà: ibi tó yẹ kí owó kọ́kọ́ lọ

Bí mo bá gbọ́dọ̀ yan ohun kan ṣoṣo tí ènìyàn yóò náwó lé, bàtà ni, kí ó sì fi síkì yálò fún sáà mìíràn sí i. Ohun tí ẹsẹ̀ bá sọ ni bàtà ń gbé dé etí irin. Bí gìgísẹ̀ bá ń gbé sókè nínú bàtà, kò sí síkì tó lè tún un ṣe.

Bàtà ìdíje tóóró. Níbi tí ẹsẹ̀ ti fẹ̀ jù, fífẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín mílímítà 92 sí 96, èèpo rẹ̀ sì nípọn gan-an, tó fi jẹ́ pé ẹni tó mọ iṣẹ́ bàtà lè máa fá inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi bá egungun ẹsẹ̀ eléré náà mu. Ti orí àtẹ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 98, ó sì ń lọ títí dé 102 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Bàtà inú, ìyẹn èyí tó rọ̀ tó wà nínú èèpo líle náà, fẹ́lẹ́ nínú ti ìdíje, kò sì gbé ooru dúró. Eléré náà ń fara dà á nítorí pé kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ tó fi dè é pinpin, tí ó sì ń tú u nígbà tó bá dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó fẹ́ wọ bàtà láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kò lè gbé irú ayé bẹ́ẹ̀.

Líle bàtà ni wọ́n ń fi òǹkà sọ. Ti alábẹ̀rẹ̀ wà ní 70 sí 90, ti àwọn tó mọ eré dáadáa wà ní 100 sí 130, ti ìdíje sì ń dé 140, 150 tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má jẹ́ kí òǹkà yìí tàn yín jẹ: kò sí òṣùwọ̀n àjùmọ̀lò fún un, 110 ilé iṣẹ́ kan lè le ju 120 ti òmíràn lọ, ike bàtà sì ń le sí i bí òtútù bá ti ń mú, nítorí náà bàtà tó rọ̀ nínú ilé ìtajà lè di òkúta lórí òkè. Bàtà tó le ju agbára ẹni lọ kì í jẹ́ kí orúnkún àti ọrùn-ẹsẹ̀ tẹ̀ síwájú. Ara yóò máa jókòó sẹ́yìn, síkì yóò sì máa sá lọ níwájú ẹni tó ni ín.

Ohun tí ó yẹ kí a yá lọ́wọ́ eléré ìdíje níhìn-ín ni bí wọ́n ṣe ń wọn bàtà, kì í ṣe líle rẹ̀. Ẹ yọ bàtà inú kúrò, ẹ ti ẹsẹ̀ bọ èèpo lásán, ẹ jẹ́ kí ọmọ ìka kan iwájú, kí ẹ sì wo àlàfo tó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀ sí méjì tọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Eléré ìdíje ń fẹ́ kí ó dín sí ọ̀kan. Bí ó bá lé ní méjì ààbọ̀, bàtà náà tóbi jù, bí ó ti wù kí ó tura tó lójú ẹsẹ̀. Bàtà tó tóbi jù ni mo rò pé ó ń ba eré ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́ ju ohunkóhun lọ, nítorí pé ìtura ilé ìtajà ni wọ́n fi yàn án.

Ìsàlẹ̀ bàtà náà yàtọ̀. Ti ìdíje jẹ́ ike líle pẹrẹsẹ, ó ń tẹ̀ lé òṣùwọ̀n ISO 5355. Ọ̀pọ̀ ti orí àtẹ nísinsìnyí ní ìsàlẹ̀ rọ́bà tó tẹ̀ sókè níwájú, tí a ń pè ní GripWalk, kí rírìn lè rọrùn. Kì í ṣe gbogbo ìdè bàtà, ohun tó ń di bàtà mọ́ síkì, ló gba àwọn méjèèjì, ó sì yẹ kí a bèèrè kí a tó sanwó.

Ìdè bàtà, òǹkà DIN, àti gíga

Iṣẹ́ ìdè ni láti di bàtà mú, kí ó sì tú u sílẹ̀ kí egungun tó ṣẹ́. Òǹkà DIN ló ń sọ agbára tí yóò nílò kó tó tú. Ti orí àtẹ sábà máa ń lọ láti 3 sí 11 tàbí láti 4 sí 12. Ti ìdíje lè bẹ̀rẹ̀ ní 8 kó dé 18, tàbí ní 10 kó dé 20. Eléré ìdíje ń fẹ́ èyí nítorí pé, ní eré rẹ̀, síkì tó bá bọ́ lásán nítorí ìgbọ̀nrìrì léwu ju èyí tó kọ̀ láti bọ́ lọ. Fún gbogbo ẹlòmíràn, ewu ibẹ̀ yí padà: ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó wúwo ní kìlógírámù 70 sí 80 kì í nílò ju nǹkan bíi 5 sí 8 lọ, ìdè tó bá sì bẹ̀rẹ̀ ní 10 kò ṣeé dínkù sí ibi tí yóò ti dáàbò bò wọ́n. Orúnkún ni yóò san owó náà. Ilé iṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò bèèrè ìwúwo, gíga, ọjọ́ orí, gígùn ìsàlẹ̀ bàtà, àti irú onísíkì tí ẹni náà jẹ́, yóò sì fi ìwọ̀nyí pinnu òǹkà náà. Ẹ má parọ́ nípa irú onísíkì tí ẹ jẹ́. Òǹkà tó ga kì í ṣe oyè.

Ìdè síkì ìdíje jókòó lé pèpéle kan tí wọ́n fi síkúrù dè mọ́ síkì. Òfin FIS fún àwọn àgbà gba gíga mílímítà 50 láti ilẹ̀ dé abẹ́ bàtà, àti mílímítà 43 fún ìsàlẹ̀ bàtà fúnra rẹ̀. Gíga yìí ni kì í jẹ́ kí bàtà fa ilẹ̀ nígbà tí síkì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró lórí etí, ṣùgbọ́n ó tún ń fi kún ìwúwo tó ń dé orúnkún, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi òpin sí i. Lórí àtẹ, ìdè máa ń wà lórí ojú irin tó ṣeé sún síwá sẹ́yìn, tó sì ń gba bàtà oríṣiríṣi, èyí tó dára gan-an fún ìdílé tó ń pín síkì lò.

Etí irin àti ìda

Eléré ìdíje ńlá ní oníṣẹ́ kan tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju síkì rẹ̀ lọ, ẹni tó ń fi fáìlì àti òkúta ìpọ́nrin pọ́n etí wọn lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí wọ́n bá lò wọ́n. Etí wọn mú ju ti orí àtẹ: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sábà máa ń wà ní dígírì 87 tàbí kí ó dín, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì gbé sókè ní ìdajì dígírì péré. Ti orí àtẹ wà ní 88 tàbí 89 ní ẹ̀gbẹ́, pẹ̀lú dígírì kan nísàlẹ̀. Ẹ fi ti ìsàlẹ̀ yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé síkì tó ní ìdajì dígírì ń bu ilẹ̀ jẹ ní kété tí ẹsẹ̀ bá ṣe àṣìṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ 88 tí a ń pọ́n déédéé yóò yí ìṣe síkì lásán padà lórí òwúrọ̀ líle, ju pé kí a ra síkì olówó ńlá kí a sì jẹ́ kí etí rẹ̀ kú.

Ní ti ìda tí wọ́n ń fi pa abẹ́ síkì kí ó lè yọ̀, ìyàtọ̀ tó wà tẹ́lẹ̀ ti dínkù. Ìda tó ní kẹ́míkà fluor, tó ń mú síkì yọ̀ lọ́nà tí kò láfiwé, ni FIS fòfin dè pátápátá láti sáà 2023 sí 2024, nítorí ìpalára rẹ̀ fún àyíká àti ìlera. Ní Sölden, ní Austria, ní oṣù kẹwàá 2023, wọ́n yọ eléré Ragnhild Mowinckel ti Norway kúrò nínú èsì ìdíje nítorí rẹ̀. Ìda tí kò ní fluor ni àwọn eléré ìdíje náà gbọ́dọ̀ lò báyìí, ìyẹn sì tó.

Àṣíborí, aṣọ, ọ̀pá

Àṣíborí ìdíje tó ní àmì FIS RH 2013 ti gba ìdánwò ìkọlù tó le ju èyí tí òṣùwọ̀n EN 1077 béèrè, ibi tó bo etí lára rẹ̀ sì jẹ́ ike líle. Ó wúwo díẹ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò pọ̀, ike líle náà sì ń dín ohun tí a ń gbọ́ kù. Síbẹ̀, òun nìkan ni ohun ìdíje tí mo lè sọ pé kò ní pa ẹnikẹ́ni lára tó bá rà á. Aṣọ ìdíje alámọ́ra kò ní àpò, kì í gbé ooru dúró, kì í sì í dá omi dúró. Òfin tilẹ̀ béèrè pé kí afẹ́fẹ́ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ọ̀pá downhill tó tẹ̀ yíká ara kò wúlò fún ẹni tí kì í ká ara kò láti sá fún afẹ́fẹ́. Àpò afẹ́fẹ́ tó ń wú nínú aṣọ nígbà ìṣubú, tó ti di dandan nínú downhill àti super-G, ìdíje eré púpọ̀ mìíràn, ti World Cup láti sáà 2024 sí 2025, wà lọ́jà, ṣùgbọ́n ìṣubú eré ìdíje ni ẹ̀rọ rẹ̀ mọ̀ dáadáa.

Ta ló yẹ kó ra èwo?

Ẹni tí kò tíì lè fi etí irin gé ọ̀nà mímọ́ méjì lórí yìnyín líle kò nílò ohunkóhun tó ní ọ̀rọ̀ ìdíje lára; síkì tí àárín rẹ̀ jẹ́ 72 sí 80, tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ mítà 13 sí 15, ni yóò kọ́ ọ ní kíákíá. Ẹni tó ti mọ eré, tó fẹ́ràn òwúrọ̀ líle, yóò gbádùn síkì slalom orí àtẹ gan-an, èyí tí kò ní FIS nínú orúkọ rẹ̀. Atomic Redster S9 àti Redster S9 FIS, fún àpẹẹrẹ, jọra lójú, ṣùgbọ́n ti FIS le gan-an, kò sì fẹ́ ẹni tí kì í fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́. Láàárín méjèèjì ni síkì tí wọ́n ń pè ní ti masters, ìyẹn ti àwọn àgbà tó ṣì ń díje, wà, tó gùn ní 180 sí 185, pẹ̀lú rédíọ́ọ̀sì tó lé díẹ̀ ní mítà 20: ó ní ara síkì ìdíje, ṣùgbọ́n ó ń yí ní eré tí àgbàlagbà tó lágbára lè sá láìsí ẹnubodè. Fún ọ̀dọ́ tó wà nínú ẹgbẹ́ ìdíje, òfin ọjọ́ orí rẹ̀ ló máa yàn fún un, kì í ṣe òbí rẹ̀.

Ẹni tó bá ń ra síkì ìdíje àlòkù, tó máa ń wọ ọjà nígbà tí sáà bá parí, ní láti wo ohun mélòó kan tí ẹni tó ń ta á lè má sọ. Kí ó wo bí etí irin tó ṣẹ́ kù ṣe nípọn tó, nítorí pé pípọ́n lójoojúmọ́ ti jẹ ẹ́. Kí ó wo pèpéle rẹ̀: ibi tí wọ́n lu ihò sí bá gígùn bàtà ẹnì kan mu, ó sì lè má bá tirẹ̀ mu. Kí ó wo òǹkà tó kéré jù lórí ìdè náà, bí ó bá sì ga ju èyí tí ìwúwo rẹ̀ béèrè lọ, kí ó yọ ìdè náà kúrò kí ó sì fi òmíràn sí i, tàbí kí ó fi síkì náà sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ilé iṣẹ́ fi ẹ̀rọ dán ìdè àti bàtà rẹ̀ wò papọ̀, kí ó tó gbé e gun òkè.